Ẹyin Inú Bàtà

Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń bọ́ wọn,
mẹ́ta péré, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Bánsílì,
nínú ilé onípákó tí mo fọwọ́ ara mi kàn,
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò wọjú ara wọn títí dòní.
Ọmọ mi Ìbídùn ló sọ wọ́n lórúkọ:
Bisikíìtì, Ìyáàfin Kánsílọ̀,
ẹ̀kẹta, dúdú, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó,
ó pè é ní Àǹtí Rónkẹ́.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àǹtí mi.

Oṣù keje, wọ́n ń jẹ.
Oṣù kẹjọ, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yàgbẹ́.
Ìyàwó mi mú bírò, ó ṣírò oúnjẹ, pákó, ìṣó,
wáyà tí eyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò lè já.
Ó ní, "Ọgọ́sàn-án pọ́n-ùn. Ẹyin dà?"
Mo ní, "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."
Ó ní, "Èmi náà ń làágùn."

Dọrín, aládùúgbò wa, nawọ́ kọjá lórí ọgbà,
bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan ń bẹ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
"Ti Kẹ́ẹ̀nì ni. Gbé e sínú ìtẹ́,
wọ́n á rò pé ẹnìkan ti yé ṣáájú wọn."
Oṣù kẹta ni Kẹ́ẹ̀nì kú;
ìyàwó rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì.
Mo tẹ́ koríko gbígbẹ, mo gbé bọ́ọ̀lù lé e.
Ìyáàfin Kánsílọ̀ ṣá a lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú kúrò.

Oṣù kẹsàn-án, ogbe orí wọn pọ́n bíi tàtàṣé.
Bí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn Bisikíìtì,
á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, á tẹ́ ìyẹ́ apá méjèèjì sílẹ̀.
Ta ló kọ́ ọ?
Ìbídùn tí mo ti ń kọ́ láti kékeré,
orí ló ń mì sí àgbà.
Wọ́n á wọ inú ìtẹ́, wọ́n á jáde,
wọ́n á tún wọ̀ ọ́, wọ́n á wo àjà,
bí ẹni tó ń wá ilé tí yóò háyà.

Àárọ̀ Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé.
Ìkúukùu bo gbogbo òrùlé àdúgbò wa.
Mo fẹ́ gbá ewé kó tó di pé mo sùn,
mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan nǹkan,
ó ń dán, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ọpẹ́lọpẹ́ àárẹ̀ tí kò jẹ́ kí n yára.
Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo yọ ọ́:
ẹyin, kékeré bíi ti ẹyẹlé,
ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ti gbẹ mọ́ ọn lára.
Àǹtí Rónkẹ́ wà lókè ilé adìẹ, ó ń pariwo olè.

Ìyàwó mi jáde, táwẹ́ẹ̀lì lórí.
Kò dárúkọ ọgọ́sàn-án pọ́n-ùn.
Ó gba ẹyin náà, ó gbé e lé ìpéǹpéjú rẹ̀,
ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.
"Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é fún wa nìyẹn, ní Ìgbájọ,
kó tó tutù."

A sè é. A fi òwú ìránṣọ pín in sí mẹ́rin,
ìdá kan gba orí ọgbà kọjá nínú àwo pẹrẹsẹ.
Dọrín jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó béèrè bọ́ọ̀lù.
Mo sáré lọ mú un wá.
Bisikíìtì ti jókòó lé e lórí,
ó wú bí ìrọ̀rí, ó fẹ́ já mi lọ́wọ́ jẹ.

Mo padà lọ sọ fún un. Dọrín rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi rin.
"Fi í sílẹ̀," ó ní.
"Kẹ́ẹ̀nì pàápàá ò gbá a wọ ihò rí."